Ọkùnrin Tó Dé Láti Göttingen

Orúkọ tí wọ́n pè kì í ṣe orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló yíjú.

Inú ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ Áfíríkà kan ní Lanham, l'Amẹ́ríkà, lọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Kọkànlá ọdún 1995. Mùlíkàt dúró níwájú àpò gàrí, ó ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó gbẹ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Táòfíkì sì ń ti kẹ̀kẹ́ ọjà bọ̀ lẹ́yìn. Ni bàbá kan bá pariwo láti ẹnu ọ̀nà pé, "Kọ́lá! Adékọ́lá!" Ọmọ rẹ̀ ló ń pè, èyí tó ti sá lọ síbi bisikíìtì. Ṣùgbọ́n kí ọmọ náà tó dáhùn, Táòfíkì ti fi gbogbo ara yípadà, ó ti la ẹnu. Ìgbà tó rí i pé Mùlíkàt ń wo òun ló pa ẹnu dé. Ó mú agolo tòmátò kan lórí pẹpẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára bí ẹni tó fẹ́ lọ ṣe ìdánwò.

Mùlíkàt wakọ̀ dé ilé wọn ní Kettering, kò mọ ọ̀nà tó gbà délé. Ọkùnrin náà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ òtútù, òun náà ń dá a lóhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi," ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ẹ gbọ́ ìdí tí ẹ̀rù fi bà á. Nọ́ọ̀sì ni Mùlíkàt, iṣẹ́ ilé ìwòsàn kì í sì jẹ́ kó tètè délé. Nasir ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ńlá, Texas ló sì wà lọ́sẹ̀ náà. Láti oṣù tó kọjá tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ti dé, òun ló ń dúró de Inaayah, ọmọ wọn ọmọ ọdún méje, nígbà tí bọ́ọ̀sì ilé ìwé bá gbé e dé. Òun ló ń fún un lóúnjẹ, òun ló ń ti ilẹ̀kùn. Bí kì í bá ṣe Táòfíkì, ta ló wà nínú ilé pẹ̀lú ọmọ òun? Ìbéèrè kejì wà nídìí èyí, ṣùgbọ́n Mùlíkàt kò jẹ́ kí ọkàn òun dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Kò sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé Inaayah lọ sí ilé kéwú, ó sì yí orí mọ́tò sí Temple Hills.

Oyèníkẹ́ ló wá lọ. Obìnrin yìí ti ṣe ọlọ́pàá ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ n'Ìbàdàn kó tó wá sí Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀daràn ìgbà yẹn kò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ní báyìí, àwọn tó ń jí aṣọ wọ̀ nílé ìtajà ńlá kan ló ń mú. Ó gba Mùlíkàt sí yàrá kékeré kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó gbé omi fún un.

"Má sọ ohun tó o rò fún mi," ó ní. "Ohun tó o rí ni kó o sọ."

Mùlíkàt sọ ọ́. Oyèníkẹ́ kò ṣe bí ẹni tí ó yà lẹ́nu.

"Bí ẹnikẹ́ni bá pariwo lẹ́yìn mi báyìí, èmi náà á yíjú."

"Ẹ ò ní la ẹnu láti dáhùn, Àǹtí."

"Ìyẹn náà tọ́. Ṣé o ò dá ojú ẹ̀gbọ́n rẹ mọ̀ ni?"

"Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tó lọ sí Germany. Picture kan ṣoṣo tá a ní, uniform school ló wọ̀ níbẹ̀. Eléyìí ti ní irùngbọ̀n, ó ń lo awò ojú. Ó ti ju ọdún mẹ́wàá lọ tí lẹ́tà rẹ̀ ti dáwọ́ dúró."

"Ọ̀rọ̀ ilé yín ńkọ́? Ṣó mọ̀ ọ́n?"

"Gbogbo ẹ̀. Ó mọ̀ pé epo gbígbóná dà sí Màámi lẹ́sẹ̀. Ó mọ orúkọ ewúrẹ́ tí Bàbá ń sìn. Kódà, ó mọ orin tí wọ́n fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ tí mo bá tọ̀ sílé."

"Ìrun kíkí ńkọ́?"

Mùlíkàt rẹ ohùn sílẹ̀. "Ó ń kírun o. Ṣùgbọ́n ó máa ń wo ẹni iwájú kó tó tẹ̀, kó tó dìde."

"Ẹni tó ti pẹ́ láàárín àwọn òyìnbó lè gbàgbé. Wọn kì í torí ẹ̀ mú èèyàn. Kí ló tún kù?"

"Fèrèsé," Mùlíkàt ní. "Láràárọ̀, bó ti wù kí òtútù mú tó, á pa heater, á ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀ gbayawu, á gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì Inaayah kọ́ ojú fèrèsé. Tó bá ṣe díẹ̀, á tún tì í. Àǹtí, mo rò pé oògùn ni."

Oyèníkẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dùn mọ́ Mùlíkàt létí, nítorí láti àná, òun kò tíì gbọ́ irú rẹ̀.

"Oògùn kọ́. Bí wọ́n ti ń ṣe ní Göttingen ní Germany nìyẹn. Ibẹ̀ lọkọ mi ti kàwé, a ti kúrò kí ẹ̀gbọ́n rẹ tó débẹ̀. Tí mi ò bá ṣí fèrèsé láàárọ̀, ìyá onílé á wá kan ilẹ̀kùn pé ṣé ara mi ò yá ni."

"Ó gbé ibẹ̀ nìyẹn! Òun náà ni!"

"Má tíì yọ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé ilé rẹ, ta ló kọ́kọ́ dárúkọ Táòfíkì? Òun àbí ìwọ?"

Mùlíkàt gbé kọ́ọ̀pù omi sílẹ̀. Ó ronú sẹ́yìn. Ẹnì kan ti pè é lórí fóònù tẹ́lẹ̀ pé ọkùnrin kan tó wá láti Göttingen ń bèèrè rẹ̀ káàkiri. Láti ìgbà náà ni kò ti lè jókòó. Nígbà tí aago ẹnu ọ̀nà dún, ẹkún ti gbọ̀n ọ́n kó tó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn.

"Mi ò rántí," ó ní.

Oyèníkẹ́ gbé fóònù, ó bá ọlọ́pàá kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì gbé e sílẹ̀.

"Ó ní àwọn ò lè mú èèyàn nítorí pé ó yíjú. Ṣùgbọ́n ó ní kí n pe òun bí nǹkan bá yí. Lọ mú ọmọ rẹ, kó o lọ dáná. Mò ń bọ̀ wá jẹun nílé rẹ lọ́sàn-án yìí. Má jẹ́ kó rí ẹ̀rù lójú rẹ o."

Àṣẹ yẹn rọrùn lẹ́nu. Nígbà tí Oyèníkẹ́ wọlé, tí ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ kí i dáadáa, Mùlíkàt ń bu ìrẹsì, kò gbójú sókè kúrò nínú ìkòkò. Inaayah ti lọ fara ti ọkùnrin náà, ó ń fi bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ ṣeré. Ó wu ìyá rẹ̀ kó já a gbà. Ó gbé àwo sórí tábìlì, ó jókòó.

"Dókítà," Oyèníkẹ́ ní, "wọ́n ní Göttingen lẹ gbé. Èmi náà jẹ iyọ̀ ibẹ̀ nígbà kan."

Mùlíkàt ń retí kí ojú ọkùnrin náà dà. Kò dà. Ńṣe ló tàn yanran.

"Ẹ̀yin náà, mà? Àdúgbò wo?"

"Lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin. Ohun tí mo máa ń rántí jù ni ọjọ́ Àìkú, tí mo máa ń gbé agbọ̀n lọ ra ẹran."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí awò fi yọ́ bọ́ sí imú rẹ̀. "Màmá, ẹ̀ ń tàn mí. Ẹran wo lọ́jọ́ Àìkú? Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló tì pa. Lọ́sàn-án Sátidé gan-an, bí ẹ ò bá tètè ra búrẹ́dì, ẹ ó fi ebi sùn di Mọ́ńdè."

"Háà, ìrántí mi ò pé mọ́. Aṣọ nìkan ni mo ń fọ̀ lọ́jọ́ Àìkú nígbà náà."

"Kí ìyá onílé má gbọ́! Ìgò òfìfo lásán, tá a bá gbé e lọ jù sínú àpótí ìgò lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n á yọ orí lójú fèrèsé bí ẹni pé a jí i ni. Àtẹ̀gùn ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ yìí, èmi ni mo gbá a. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó kàn yín. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé, kò sẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ó rí ìgbálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yín."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ. Oyèníkẹ́ dẹ pàkúté méjì mìíràn, ọkùnrin náà fò wọ́n kọjá láìmọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ tí gbogbo ìlú ń gùn, akẹ́kọ̀ọ́ àti ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó sọ̀rọ̀ búrẹ́dì dúdú tó le bí bíríkì, tí wọ́n ń jẹ ní tútù lálaalẹ́, tí òun kò sì rẹ́ni ro àmàlà fún òun. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbé ẹrù kúrò láyà Mùlíkàt. Ó mú ẹran kan, ó jẹ ẹ́, ìgbà àkọ́kọ́ tí oúnjẹ kan ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láti àná.

"Ọjọ́ tẹ́ ẹ gba dókítà yín ńkọ́?" Oyèníkẹ́ ní. "Ṣé wọ́n gbé yín lọ fẹnu ko ọmọbìnrin yẹn lẹ́nu?"

"You kissed a girl, Uncle?" Inaayah pariwo, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín.

"Ère ni, ọmọ mi," ọkùnrin náà ní. Ó ṣàlàyé fún un pé ère ọmọbìnrin kan tó kó pẹ́pẹ́yẹ òyìnbó dání wà láàárín ọjà Göttingen, lókè ibi tí omi ti ń tú jáde. Ẹnikẹ́ni tó bá gba oyè dókítà, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á gbé e jókòó sínú ọmọlanke tí wọ́n fi ewé ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, wọ́n á fà á lọ síbẹ̀, á gun òkè, á fún ère náà ní òdòdó, á sì fẹnu kò ó lẹ́nu.

"Áà, ọjọ́ yẹn!" Ó ti gbàgbé oúnjẹ. "Òjò ti rọ̀ láàárọ̀. Òkúta ni gbogbo ojú ọ̀nà, tá a bá sì ti dé ìgun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, táyà á há. Àfi kẹ́ ẹ gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè díẹ̀ kó tó kúrò. Ọ̀pá irin yẹn! Ó bó mi látẹ́lẹwọ́, mi ò lè di bíírò mú fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí òdòdó wá dókè, tí omi rẹ̀ ń kán tó-tó-tó sí mi lẹ́yìn ọrùn, tí gbogbo èèyàn ń hó... mi ò tíì rí ayọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láyé mi."

Omi ti lé ròrò sí i lójú. Oyèníkẹ́ gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Mùlíkàt," ó ní, "wá fún mi lómi ní kíṣìnì."

Omi wà lórí tábìlì.

Nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn kíṣìnì, Mùlíkàt ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ rí i pé òun ni, àbí? Kò sí èyí tí ò mọ̀."

"Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn." Ohùn Oyèníkẹ́ ti yí padà. "Nígbà tí ọkọ mi gba dókítà tiẹ̀, tí wọ́n fi ọmọlanke gbé e lórí òkúta wọ̀nyẹn, ibo lo rò pé ó ń dùn ún? Ìdí! Èmi ni mo ń fi omi gbígbóná jó o fún un. Ẹni tó jókòó sínú ọmọlanke, ìdí ló ń dùn ún, òdòdó ló dì mọ́wọ́. Àtẹ́lẹwọ́ ta ló ń bó?"

Mùlíkàt gbójú sókè. "Ti ẹni tó ń fà á."

"Òdòdó ti dókè, ó ní omi rẹ̀ ń kán sóun lẹ́yìn ọrùn. Ẹni tó bá di òdòdó mú kọ́ ni omi ń kán sí lọ́rùn. Ìsàlẹ̀ ni ọkùnrin yìí wà. Ẹlòmíì ló wà lókè lọ́jọ́ náà, ayọ̀ ẹni yẹn ló sì ń yọ̀. Wàyí o, orúkọ ewúrẹ́ bàbá rẹ, orin yẹ̀yẹ́ rẹ, ta ló lè sọ wọ́n fún un? Ẹni tí wọ́n jọ gbé yàrá kan náà fún ọdún púpọ̀ ni. Ọkùnrin yẹn mọ ẹ̀gbọ́n rẹ, Mùlíkàt. Òun ló fa ọmọlanke rẹ̀."

Ìbéèrè kejì tí Mùlíkàt ti ń sá fún wá dúró lójú rẹ̀ kedere.

"Táòfíkì wá dà?"

Oyèníkẹ́ ti gbé fóònù ara ògiri, ó ń ka àdírẹ́sì ilé náà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ọlọ́pàá. Ìgbà náà ni Mùlíkàt ṣàkíyèsí pé pálọ̀ ti dákẹ́ jù. Kò gbọ́ ẹ̀rín ọmọ, kò gbọ́ ohùn àgbà.

Ó ṣí ilẹ̀kùn. Àwo wà lórí tábìlì, àga méjì ṣófo. Ilẹ̀kùn ìta ṣí sílẹ̀, atẹ́gùn tútù ń wọlé.

"Inaayah!"

Kò mọ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe gbé e. Ó sáré jáde láìwọ bàtà, ó ń ké orúkọ ọmọ náà, ó ń ké orúkọ Ọlọ́run. Ó rí wọn níwájú gáráàjì. Inaayah wà lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń gbọ̀n yìn-ìn-yìn-ìn lórí rẹ̀ lọ, ọkùnrin náà dúró lẹ́yìn, ó ti jọ̀wọ́ kẹ̀kẹ́ náà.

"Mummy, look! Uncle let go!"

Mùlíkàt fà á bọ́ sílẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ó gbá a mọ́ra débi pé ọmọ náà ní òun ò lè mí. Ó gbé e lọ sókè, ó tan tẹlifíṣọ̀n fún un, ó sì ti ilẹ̀kùn yàrá náà.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ọkùnrin náà ti padà sí pálọ̀, kò sì yé e ohun tó bí irú ìdágìrì bẹ́ẹ̀. Mọ́tò ọlọ́pàá kan ti dúró lẹ́bàá títì láìpariwo. Oyèníkẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Adékọ́lá," ó pè é jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí ìyá ń pe ọmọ wá jẹun.

"Ẹ mà," ọkùnrin náà dáhùn.

Ó wo Oyèníkẹ́, ó wo Mùlíkàt, ó sì mọ ohun tí ẹnu òun ti ṣe. Ó jókòó pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ti ń gbé ẹrù bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn.

"Adékọ́lá Oyèwálé lorúkọ mi," ó ní. "Ẹ máà bínú."

Ó ti ń fi "ẹ" bá Mùlíkàt sọ̀rọ̀. Láti oṣù kan tó ti ń pè é ní ìwọ bí ẹ̀gbọ́n ti í pe àbúrò, ẹ̀rù kò bà á tó bí ìgbà tó gbọ́ "ẹ" yẹn.

"Kí lẹ fi ẹ̀gbọ́n mi ṣe?"

"Mi ò ṣe é ní nǹkan kan. Yàrá kan la jọ gbé. Mo mọ̀ yín láti ẹnu rẹ̀ kí n tó rí yín. Ní ìgbà òtútù ọdún tó gba dókítà, yìnyín bo gbogbo títì. Ó gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti ilé ìwé, kẹ̀kẹ́ yọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, mọ́tò kan ń bọ̀ lẹ́yìn." Ó yọ awò rẹ̀ kúrò lójú. "Kò dé ilé ìwòsàn."

Mùlíkàt di ẹ̀yìn àga mú.

"Mo kọ̀wé sí Ọ̀yọ́. Ó padà wá bá mi pé wọn ò rí ilé náà. Nígbà tí mo dé Amẹ́ríkà, mo gbọ́ nílé ìkómọ kan ní Lanham pé nọ́ọ̀sì kan wà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọnù sí Göttingen. Mo ní àfi kí n wá sọ fún un. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu kí n tó tẹ aago. Ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ ò tiẹ̀ jẹ́ kí n kí yín. Ẹ ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi Táòfíkì!' Ẹ rọ̀ mọ́ mi lọ́rùn. Kí n tó sọ̀rọ̀, ẹ ti ń tẹ fóònù sí Ọ̀yọ́, ẹ ti gbé e sí mi létí. Màmá ń kì í. Wọ́n ń kì í, ohùn wọn ń gbọ̀n, wọ́n ní, 'Àkànní, ṣé o ò ní dá mi lóhùn ni?'" Ọkùnrin náà bo ojú. "Mo dá wọn lóhùn. Mo ní n ó sọ ọ́ lọ́la. Mi ò sì rí ọ̀la tí mo lè sọ ọ́."

Mùlíkàt rántí báyìí. Òun ló dárúkọ. Ọkùnrin náà kò sọ orúkọ kankan. Òun ló fún un ní orúkọ lẹ́nu ọ̀nà, tó sì fún un ní ìyá lórí fóònù. Ìbínú wá, ìtìjú wá, ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ ló borí wọn.

"Ọ́fíìsì tó ń kọ orúkọ òkú sílẹ̀ ní Göttingen ti tì lónìí," Oyèníkẹ́ ní. "Ní Mọ́ńdè, n ó pè wọ́n. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, ọlọ́pàá tó wà níta yẹn ti rí ojú rẹ."

"Ẹ pè wọ́n, mà."

"Ta ló kírun sí i lára?" Mùlíkàt bèèrè. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ. "Ẹ̀yin kì í ṣe Mùsùlùmí. Ta ló wẹ̀ ẹ́?"

"Àwọn ará Turkey tó ń ta ẹ̀fọ́ ní àdúgbò wa ni. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù wọn, gbogbo wọn wá. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n wé e, wọ́n kírun sí i lára. Wọ́n dojú rẹ̀ kọ ibi tó yẹ. Èmi dúró lẹ́yìn wọn, mò ń ṣe bí wọ́n ti ń ṣe."

Ẹkún tí Mùlíkàt ti há mọ́ àyà láti àná tú jáde. Ó sunkún títí, Oyèníkẹ́ dì í mú, kò ní kó dákẹ́. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó nu ojú, ó lọ gbé fóònù.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́," Adékọ́lá ní. "Èmi ni mo dá a sílẹ̀."

"Rárá. Màámi ò gbọdọ̀ tún gbọ́ ohùn yín."

Ó tẹ nọ́ńbà ilé aládùúgbò tí wọ́n máa ń pè l'Ọ̀yọ́. Ọmọ ilé náà gbé e, ó ní òun ń lọ pe ìyá. Mùlíkàt gbọ́ ìró bàtà tó ń sáré lọ. Ó dúró. Ó gbọ́ ìró bàtà mìíràn tó ń yára bọ̀, àti ẹ̀rín ìyá rẹ̀ kí ohùn rẹ̀ tó dé.

"Mùlíkàt! Ṣé kò sí nǹkan o? Àkànní mi ńkọ́? Ṣé ó ti jẹun? Gbé fóònù fún un kí n gbóhùn ẹ̀."

"Màámi," Mùlíkàt ní, "ṣé àga wà nítòsí yín? Ẹ jókòó ná."